Etí Olúbọ̀dé àti Pẹ́dà Dúdú

Ìlara ló ba Olúbọ̀dé jẹ́, kì í ṣe àìmọṣẹ́. Ká má parọ́ mọ́ ọn, etí tí Ọlọ́run fún un kì í ṣe etí lásán. Kò sí onígìtá ìjọ kan láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ayọ̀bọ̀ tó máa ra ohun èlò láìmú un dání. Yóò dijú, yóò tẹ́tí, yóò ní, "Èyí dáa," tàbí, "Fi í sílẹ̀," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Àmọ́ bí etí rẹ̀ ṣe mọ́ tó, inú rẹ̀ kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ́níyì, tíṣà kan tó ti Èkìtì wá gbé n'Ìkọ̀tún, ló kọ́ gìtá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń lọ sí yàrá Olúbọ̀dé ní Ayọ̀bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, tó ń fọṣọ fún un, tó ń bá a pọnmi, tó sì ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Ìka rẹ̀ wá já fáfá. Nígbà tí ìkórè ìjọ wọn ní Gowon Estate ku oṣù kan, Alàgbà Adéríbigbé, ọ̀gá akọrin, kéde pé Ọmọ́níyì ni yóò dá gìtá ta lọ́jọ́ náà, kí Olúbọ̀dé máa gbè é. Olúbọ̀dé rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ẹ̀rín náà kò dénú.

Ohun kan ṣoṣo ló ku Ọmọ́níyì kù: pẹ́dà tí wọ́n ń pè ní wáà-wáà, èyí tí onígìtá máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ síwá sẹ́yìn kí gìtá lè máa ké bí ẹni tó ń yanu tó sì ń pa á dé. Láti ìgbà Àjíǹde ló ti ń tọ́jú owó fún un. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó rí méjì ní ṣọ́ọ̀bù Al-Ameen, tó ń ta ohun èlò orin tòkúnbọ̀ n'Ìkọ̀tún. Ọ̀kan pupa, ó ń dán gbinrin. Èkejì dúdú, ọ̀dà ti bó lára rẹ̀. Ó tẹ pupa, ó dáa níwọ̀nba. Ó tẹ dúdú, omijé lé sí i lójú.

"Ẹ bá mi gbé dúdú yìí pamọ́. Tí Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé bá ti gbọ́ ọ lọ́la, mo máa sanwó."

"Tíṣà, ṣebí ẹ̀yin náà létí?" ni Al-Ameen bi í.

"Etí tiwọn ju tèmi lọ jàre."

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù báyìí, Olúbọ̀dé nujú. "Oòrùn yìí mú o. Níyì, lọ bá mi ra omi tútù wá."

Ọmọ́níyì sáré jáde. Ó rí omi inú ọ̀rá nítòsí, kò rà á. Ó sọdá títì lọ ra oníke tó tutù dáadáa, torí ọ̀gá òun ló fẹ́ mu ún. Al-Ameen ń bá jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ jà níta. Nígbà tí Ọmọ́níyì dé, Olúbọ̀dé gba omi, ó mu ún tán, ó ní kó wá gbọ́. Pẹ́dà dúdú ń wúkọ́. Ohùn rẹ̀ ò kúrò lọ́nà ọ̀fun.

"Ó ti kú," ni Olúbọ̀dé wí. "Ó kàn ń tàn ẹ́ lánàá ni. Gbé pupa."

"Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá, lánàá..."

"Ṣé ìwọ lo kọ́ mi ni, àbí èmi ni mo kọ́ ẹ?"

Ọmọ́níyì gbé pupa. Ó tún ń dúpẹ́ títí wọ́n fi délé.

Lọ́jọ́ ìkórè, pẹ́dà pupa ké bí ewúrẹ́ nígbà méjì, ó sì dákẹ́ láàárín orin. Kí ìjọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, Olúbọ̀dé ti fa nǹkan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó ti fẹsẹ̀ lé e. Àwọn ìyá ìjọ dìde, wọ́n ń ju áńkáṣíìfù sókè. Ọmọ́níyì dúró, gìtá rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó mọ ohùn yẹn. Ohùn ọjọ́ Ẹtì ni.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣebí ẹ ní ó ti kú?" ló bi í lẹ́yìn ìsìn.

"Mo tún un ṣe ni. Ṣé ìwọ mọ̀ ọ́n tún ṣe?"

Ọmọ́níyì sì ní kó má bínú. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ ló tún ń bẹ ẹni tó gún un.

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lọ́jọ́ kejì ìkórè, Ọmọ́níyì gbé pupa padà sí Ìkọ̀tún fún àtúnṣe. Al-Ameen fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ jáde.

"Tíṣà, ẹ wo bátìrì yìí. Ọjọ́ kejì tí ẹ ra pupa ni ọ̀gá yín padà wá ra dúdú. Ó ṣí abẹ́ ẹ̀, ó yọ èyí, ó fi tuntun sí i, ló bá ń ké! Mo kọ́kọ́ rò pé bátìrì mi ni. Àmọ́ èmi kì í kun bátìrì ní kútẹ́ẹ̀sì."

Ọmọ́níyì yí i wò. Ààmì kútẹ́ẹ̀sì pupa ti Sísítà Agnes ni, ẹni tó ń tọ́jú gbohùngbohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń sàmì sí gbogbo bátìrì ìjọ kí wọ́n má baà sọnù. Ó jókòó lórí páálí kan.

"Omi tútù," ló wí.

"Ṣé ẹ fẹ́ mu omi ni?"

Ó mi orí.

Lọ́jọ́ ìdánrawò, ó gbé bátìrì náà lé orí pẹ́dà dúdú lójú gbogbo akọrin. Agnes ló kọ́kọ́ figbe ta: "Ààmì mi rèé! Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé, ṣé kì í ṣe òkú bátìrì tí mo ní kẹ́ ẹ bá mi dànù nìyí?"

Olúbọ̀dé nawọ́ kó mú bátìrì náà kúrò níbẹ̀.

"Omi lẹ rán mi, kẹ́ ẹ lè ráyè fi òkú bátìrì sí i," ni Ọmọ́níyì wí. "Mo sáré lọ. Mo sọdá títì nítorí yín."

Alàgbà Adéríbigbé ní kí Olúbọ̀dé gbé ẹrù rẹ̀ máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ náà rìn láti ìjọ dé ìjọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pè é kó wá bá òun gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ebi dé, ó gbé pẹ́dà dúdú lọ tà fún ọkùnrin onígìtá kan ní Ìjẹ̀gùn.

"Èyí dáa," ló wí. "Èmi Olúbọ̀dé ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Bí ọkùnrin náà ṣe gbọ́ orúkọ yẹn, ó ká ọwọ́ kúrò lára pẹ́dà. "Ẹ dúró ná, sà. Tíṣà kan wà n'Ìkọ̀tún, Ọmọ́níyì ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kí n pè é kó wá bá mi gbọ́ ọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, ọjọ́ tí ọmọ náà bá mọ̀ ọ́n ju yín lọ, ẹ bá a yọ̀, torí ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ẹni tó finú tán yín tó ń sáré jíṣẹ́ yín, ẹ má lo àìsíńlé rẹ̀ láti fi dà á. Ìwọ tí o sì ń kọ́ṣẹ́, bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá rẹ, ṣùgbọ́n ohun tí etí rẹ bá ti gbọ́ kedere, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé o kò gbọ́ ọ.