Bọ́ńgálò Màdáàmù Olúrántí

Ní ọdún 1929 ni Àjíṣafẹ́, akọ̀wé ní èbúté Èkó, kọ́ bọ́ńgálò sí Ìkòsì. Òun ni ilé onípáànù àkọ́kọ́ ládùúgbò náà. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ga, fàràńdà yí i ká, igi fèrèsé rẹ̀ là tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Bàbá tó bí Abọ́dúnrìn, kápẹ́ńtà bíi ọmọ rẹ̀, ló gbẹ́ òdòdó sí etí òrùlé rẹ̀. Nígbà tí Àjíṣafẹ́ kú, wọ́n sin ín sí pálọ̀ ilé náà. Ní 1954, opó rẹ̀ nìkan ló kù níbẹ̀, Màdáàmù Olúrántí, tí ń fi góòlù sọ́rùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọdún náà ni Abọ́dúnrìn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Morẹ́nikẹ́, ìyàwó rẹ̀, rò pé òrùlé ló ń jò. Ṣùgbọ́n pákó ìrókò ni ọkọ rẹ̀ ń rù lọ, kì í ṣe páànù. Ó ra ìdìmú idẹ. Ó ra òwú àti aṣọ ṣẹ́dà funfun.

"Bàálé mi, kí lẹ ń ṣe fún obìnrin yẹn?"

"Iṣẹ́ ni. A kì í ròyìn irú rẹ̀." Kò wo ojú aya rẹ̀.

Ẹ̀bùnọlá, tí òun àti Morẹ́nikẹ́ jọ ń pọnmi ní kànga, ló bu epo síná.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú mi ló ṣe. Ọkọ yín na téèpù lé Màdáàmù láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó tún wọn èjìká. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín: 'Kápẹ́ńtà, fàyè sílẹ̀ o, mi ò fẹ́ kó há mi!' Wọ́n ti fọ́ sìmẹ́ńtì yàrá rẹ̀, wọ́n ń tún un ṣe."

"Opó ń tún yàrá ṣe?"

"Ẹ bá mi bi í. Ṣé adìyẹ ló fẹ́ kó síbẹ̀ ni? Ó ní kò sóhun tó máa gbé òun kúrò nílé yẹn mọ́."

Ibùsùn ni ọkọ òun ń kàn fún opó, Morẹ́nikẹ́ wí lọ́kàn ara rẹ̀. Orí ẹní ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń sùn láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, òun aya kápẹ́ńtà. Ní Sátidé, ó di ẹrù rẹ̀. Bó bá ká wọn mọ́, ilé bàbá rẹ̀ ní Òjòtá ni yóò gbà lọ, kò sì ní padà.

Ó sọ ẹrù kalẹ̀ ní fàràńdà, ó yọjú láàárín igi fèrèsé. Olúrántí nà gbalaja lórí ṣẹ́dà funfun. Abọ́dúnrìn kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ó bá mi mu," ni obìnrin náà wí. "Ọwọ́ rẹ dáa bíi ti bàbá rẹ."

"Aláìnítìjú!" Morẹ́nikẹ́ figbe ta. "Abọ́dúnrìn, ọjọ́ wo lo kan irú rẹ̀ fún èmi tí mo bímọ fún ọ?"

Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó já wọlé.

Olúrántí dìde jókòó nínú pósí náà, létí sàréè tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀ dè é nínú yàrá, ó sì bi í léèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ìyàwó, ṣé kó bẹ̀rẹ̀ tìẹ lọ́la?"