Ẹranko Ẹ̀gbẹ́ Ilé Aránṣọ

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìpè dé sí ilé iṣẹ́ iná pé ọ̀kẹ́rẹ́ ti kó sínú tiransífọ́mà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé aránṣọ kan. Baba Wáyà, àgbà nínú àwọn oníṣẹ́ iná, gbé búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó mú ọ̀pá gígùn. Awakọ̀ tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, nítorí pé eré àsápajúdé ló máa ń sá, gbé e débẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

Wọn ò rí ọ̀kẹ́rẹ́, wọn ò rí ìrù rẹ̀.

Aránṣọ náà jáde tòun tọmọ lẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Kò jìnnà ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ, síbẹ̀ Jẹ́jẹ́ ni Baba Wáyà kọjú sí.

"Sọ fún un pé ẹranko tó bá fara kan irin méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti di ẹran yíyan nìyẹn. Bó bá rí òkú rẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án. Kó má sì jẹ́ kí ọmọ yẹn súnmọ́ ibí."

"Bàbá, etí wọn kúkú ń gbọ́ o," ni Jẹ́jẹ́ wí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mo ti gbọ́, sà," ni aránṣọ fèsì.

Ọ̀sẹ̀ kejì, aláǹgbá ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ejò. Baba Wáyà gé ẹ̀ka igi tó na ọwọ́ sí wáyà, ó fi sìmẹ́ńtì dí ihò abẹ́ ilẹ̀kùn irin, ó de àwọ̀n mọ́ gbogbo ojú afẹ́fẹ́. Eèrà pàápàá yóò tọrọ ọ̀nà kó tó wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, aránṣọ tún pè pé ejò. Baba Wáyà kọ́kọ́ fá irùngbọ̀n rẹ̀ kó tó ní ó yá.

"Bàbá, obìnrin yìí ti rí yín fẹ́ o," ni Jẹ́jẹ́ wí nínú ọkọ̀. "Ìfẹ́ ló ń jẹ́ ejò."

"Wo iwájú ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà ò pa ọ̀gá ilé iṣẹ́ iná lẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, àdán kan há sáàárín wáyà méjì, iná ilé ìwòsàn kú pii. Wákàtí kan gbáko làwọn nọ́ọ̀sì fi tan tọ́ọ̀ṣì, Baba Wáyà sì wà nílé aránṣọ, ó ń fọ̀pá wá ejò. Ọ̀gá rán Jẹ́jẹ́ nìkan padà sọ́dọ̀ aránṣọ pé bí obìnrin náà bá tún pè lásán, wọ́n á já iná ilé rẹ̀.

Aránṣọ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró nígbà tó rí i. Ó yọjú wo inú ọkọ̀.

"Bàbá ò bá yín wá?"

"Wọn ò ní wá mọ́. A ò rí ẹranko kankan níbí rí."

"Mo mọ̀. Èmi náà ò rí ìkankan."

"Háà! Àǹtí, kí lẹ wá ń pè wá sí?"

"Látọjọ́ tí mo ti lọ fẹ́ ẹni tí wọn ò fẹ́ kí n fẹ́," ni aránṣọ wí, ó fi etí aṣọ oníbàárà nu ojú, "bàbá mi ò dá ìpè mi lóhùn mọ́, àfi èyí tí mo bá pè sí ilé iṣẹ́ yín."