Awò Ẹgbẹ̀ẹ́dógún Sídì

Nígbà tí òrùlé ilé Alhaja Ràfíátù ní James Town bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ó kó wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, Mutmainah, ní Dansoman, pé òun á lo ọ̀sẹ̀ kan kí káfíńtà tó parí iṣẹ́. Abdulhameed, ọkọ Mutmainah, gbé ẹrù rẹ̀ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì sáré lọ gbé awò rẹ̀ kúrò lórí àga. Ó ti pẹ́ jù. Alhaja ti rí i.

“Kí nìyẹn?”

“Awò eré ni, Màmá. VR ni wọ́n ń pè é. Téèyàn bá ti dè é mọ́jú, á dà bíi pé inú eré náà gan-an lèèyàn wà.”

“Èló?”

Ìbéèrè tó ń sá fún nìyẹn. Akọ̀wé ni Abdulhameed ní ilé iṣẹ́ tó ń kó táyà wọ̀lú. Ọdún kan àbọ̀ ló fi tọ́jú owó, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó bá a rà á bọ̀ láti Dubai ní ọdún 2019, nígbà tí irú rẹ̀ kò tíì wọ́pọ̀ ní Accra. Ọdún kẹta tó gbéyàwó rèé, Alhaja kò sì tíì sọ ọ́ lẹ́nu rí pé ọlọ́gbọ́n lòun fọmọ fún.

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sídì, mà.”

“Ẹgbẹ̀ẹ́dógún!” Alhaja jókòó. Ogójì ọdún ló ti ń ta aṣọ ní Kaneshie, bí wọ́n ṣe ń ka owó nílé baba rẹ̀ ló ṣì ń kà á. “Fún awò!”

Láti ọjọ́ náà, bí Abdulhameed bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

“Bátìrì rẹ̀ ńkọ́?” Alhaja bèèrè lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

“Wákàtí méjì, mà.”

“Péré? Àtùpà tí mo rà ní sídì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń tàn mọ́jú.”

Lọ́jọ́ Túsìdeè ó fẹ́ mọ ẹni tó lè tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Abdulhameed ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílùú, àfi kí wọ́n dá a padà sókè òkun.

“Òkú ọjà,” ni Alhaja wí, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹta ó bèèrè iye eré tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé mẹ́sàn-án péré ni, àti pé ńṣe lèèyàn á máa ra àwọn yòókù, ó mi orí títí.

Nígbà tó di Tọ́sìdeè, ó ní, “Gbé e wá, kí n fojú ara mi rí ohun tó ń jẹ owó ọmọ mi.”

Abdulhameed rọra dè é lé gèlè rẹ̀ lórí. Eré tó gbé e sí jẹ́ ti abẹ́ òkun, níbi tí àwọn ẹja ńláńlá ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹni kọjá. Ọwọ́ Alhaja nà jáde díẹ̀díẹ̀. Mutmainah yọjú láti ilé ìdáná, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì padà sídìí ìkòkò. Ìrẹsì fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná kí Alhaja tó bọ́ awò náà.

“Ó ń rùn,” ló wí. “Òógùn.”

Jímọ̀ ló wá burú pátápátá. Alhaja ń wẹ̀ lọ́wọ́, Abdulhameed sì ní kóun tètè de awò náà mọ́jú, kóun fi ṣe eré ẹ̀ṣẹ́ díẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kẹta ba abọ́ ata ṣító tí Mutmainah ń gbé bọ̀. Ata dà sára ògiri funfun, awò fò bọ́ sílẹ̀.

Alhaja sáré jáde tòun ti ìró láyà. Kò wo ògiri. Ó ṣa awò náà nílẹ̀, ó fi etí ìró nù ún, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

“Ó ti họ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún,” ló wí. “Ohun tó ti họ! Bí wọ́n bá ní kí n rà á, mi ò lè san ju ẹgbẹ̀fà lọ.”

Ojú ti Abdulhameed débi pé kò lè jẹun. Ó ń fi kànìnkànìn fọ ògiri, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, “Màá tà á.”

“Ṣé torí Màmá ni?”

“Torí ògiri ni.”



Lọ́jọ́ kejì, Abdulhameed gbé awò náà lọ sí Kaneshie, sọ́dọ̀ Sultan tó ń ta fóònù.

“Charley, ọjà yìí le o,” ni Sultan wí. “Bátìrì kì í pẹ́, kò sẹ́ni tó ń tún un ṣe. Oníbàárà kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹgbẹ̀fà.”

“One-two” ni Sultan sábà máa ń pe ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba; bí Alhaja ṣe ń ka owó ló kà á lónìí. Ẹ̀rín fẹ́ pa á láàárín ìbànújẹ́. “San ẹgbẹ̀rún méjì.”

“Oníbàárà yẹn ò ní fi pẹ́sẹ́wà kan lé e.”

Abdulhameed gbà bẹ́ẹ̀. Ó tún fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ awò náà lẹ́ẹ̀kan kó tó fi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí Alhaja ń lọ, ó gbé ọwọ́ lé Abdulhameed lórí, ó sì ṣàdúrà gígùn fún un. “Àna mi, o gbọ́n,” ló wí. Abdulhameed kò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, ẹni tó pàdánù awò tó sì jèrè ìyá ìyàwó kò pàdánù.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Mutmainah ní kó gbé àpò ìrẹsì kan lọ fún ìyá òun ní James Town. Bàtà obìnrin mẹ́fà ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ àpò kalẹ̀, ó fẹ́ kágò, nígbà tí ẹ̀rín bú jáde nínú pálọ̀.

“Ẹ tò, ẹ má já a gbà mọ́ra yín lọ́wọ́,” ni Alhaja Ràfíátù ń wí, “ṣé ẹ mọ̀ pé odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi bú awò yìí kó tó wálẹ̀ sí iye tí mo fẹ́ rà á!”