Oúnjẹ Ò Lọ Lọ́nà Ọ̀fun Bàbá Dára

Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ fún wọn pé jẹjẹrẹ tó lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ti padà dé, Bàbá Dára kò gbádùn ara rẹ̀ mọ́. Akọ̀wé ni ní káńsù Ararọ̀mí-Ọ̀pin kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ìlú Osi ló sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ẹ̀rù kì í bà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ náà, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà láàárọ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà lọ́sàn-án, ó fi aṣọ bora dé imú nínú ooru.

Bọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ gúnyán fún un. Ó gún un díẹ̀, ó fara ti ògiri, ó sinmi, ó tún gún un.

"Bàbá Dára, ẹ dìde jẹun."

"Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi."

Ó jẹ òkèlè mẹ́ta, ó mí kanlẹ̀, ó sì jẹ ìyókù.

"Ìyá Dára," ó ní, "bí Ọlọ́run bá wá sọ pé rárá ńkọ́?"

"Ẹni tó mú wa kọjá lẹ́ẹ̀kíní, ṣé wọ́n ti fún un ní ìwé ìfẹ̀yìntì ni?" Bọ́sẹ̀dé bu ọbẹ̀ kún tirẹ̀. "Bó bá sọ pé rárá, ọwọ́ rẹ̀ náà la ṣì wà. Ẹ jẹ ẹran yín."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Àlùfáà Akọ́ládé kó àwọn àgbà ìjọ wá sílé wọn.

"Ẹ ti orí bàbá bẹ̀rẹ̀ ná," Bọ́sẹ̀dé ní.

Wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì ká. Orin kò tíì parí tí Bàbá Dára fi bú sẹ́kún, tó di aṣọ àlùfáà mú bí ẹni tí odò ń gbé lọ. Àlùfáà gbọ́wọ́ lé e lórí, ó ní kí ẹ̀mí ìbẹ̀rù jáde. Bọ́sẹ̀dé ṣe àmín tó borí ti gbogbo wọn, ó sì lọ wá àga fún àwọn àlejò.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Dára wọ́ ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Àlímì onígbàjámọ̀.

"Fá a kanlẹ̀."

"Ṣé ti oògùn jẹjẹrẹ yẹn ni, bàbá?"

"Òun ni. Mo rántí ohun tí ojú irun rí nígbà àkọ́kọ́."

Nígbà tí Bọ́sẹ̀dé rí orí náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ó dà bí ẹyin tí wọ́n bó. Bàbá Dára kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin. Èrò kan dìde fún Bàbá Dára níjòókòó iwájú. Ó di ọ̀rá mú sẹ́nu, bóyá èébì lè gbé e. Dẹ́rẹ́bà ń wo ojú rẹ̀, ó ń rọra wakọ̀. Lẹ́yìn wọn, Bọ́sẹ̀dé ń kọrin ìyìn, àwọn èrò sì ń gbè é.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá," dẹ́rẹ́bà ní. "Ọlọ́run á ṣe é."

"Àmín," ni Bàbá Dára wí.

Nílé ìwòsàn, wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan gbé fáìlì jáde, ó pe orúkọ ilé wọn: "Ọlágòkè." Bàbá Dára kò dìde. Ó di ojú, ó fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́ńṣì mú.

Bọ́sẹ̀dé dìde, ó gbé báàgì lé ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì ní kí nọ́ọ̀sì jọ̀ọ́ wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ bàbá kó má baà dákú, títí wọn yóò fi fa oògùn náà sí òun lára tán.