Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

"Ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù," ni wọ́n fi ń tu ìyá Àdìgún nínú. Irun àti èékánná ọmọ náà nìkan ni àwọn sójà gbé ti ojú ogun dé. Nígbà tí wọ́n sin ín tán tí ilẹ̀ ṣú, omi ò bọ́ lójú ìyá. Ó kàn ń ki ọmọ bíi ti àràárọ̀: "Àdìgún Ọ̀kín, ọmọ tó ń kí mi kó tó rí oòrùn."

Bàtà sójà dún lójúde. Ajá ò gbó. Àyà ẹnì kan lu ilẹ̀ gbì lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ má ní kó dìde o," ni Àyọ̀ká, opó Àdìgún, wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ọmọ kì í dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀ má dáhùn."

"Ìyá mi," ni ohùn kan wí nínú òkùnkùn, "ilẹ̀ yìí tutù."

"Dìde, ọmọ mi."

Ó sì dìde.