Púlọ́ńbà Tó Ti Omi Pa Fún Ara Ẹ̀

Ẹ dákun, ẹ má fo ìtàn yìí ní àárín o. Ẹ kà á délẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé "ara mi le, kò sóhun tó máa ṣe mí." Ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

Púlọ́ńbà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Omi. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, irọ́ kọ́. Tó bá gbé etí lé ògiri lásán, á sọ ibi tí páìpù ti ń jò nínú ẹ̀ fún ẹ. Àmọ́ ẹnu ẹ̀ tún wá ju iṣẹ́ náà lọ. Kò sẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀ omi kó má fi onítọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, iṣẹ́ ńlá kan bọ́ sí i lọ́wọ́: omi gbogbo yàrá nínú ilé alájà mẹ́ta, látòkè délẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti ń wá irú ẹ̀. Onílé ní, "Aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó máa rẹ́ ògiri ń dúró dè yín, mi ò lè sún un síwájú o." Ọ̀gá Omi ní kò séwu. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó ń súfèé nínú balùwẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ tú páìpù ìdọ̀tí kan tó dí. Ó délé, ó fomi ṣan ọwọ́ fìrìfìrì, ó kọjú sí búrẹ́dì. Ìyàwó ẹ̀, tó ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, rí i.

"Dádì, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yẹn."

"Ọwọ́ tó wà nínú omi látàárọ̀? Kí lọṣẹ tún ń wá níbẹ̀?"

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ búrẹ́dì ẹ̀ tán.

Ilẹ̀ Ọjọ́rú ò tíì mọ́ dáadáa tí ẹ̀rín fi parí. Ìgbẹ́ gbuuru ti dé. Bó ṣe ń jáde nílé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń padà síbẹ̀, ó sì tún ń bì. Ìyàwó ẹ̀ gbé ife omi wá. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí sọ.

"Gbé e kúrò. Tí páìpù bá ń jò, kí la kọ́kọ́ máa ń ṣe? A máa ń ti omi pa látòkè ni. Tí mi ò bá mu nǹkan kan, kí ló máa rí jò?"

Ìyàwó gbé ife náà kúrò. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ́, àmọ́ kò mọ ibi tó ti wọ́. Ká ní ọ̀rọ̀ irun ni, ì bá dá a lóhùn.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìgbẹ́ gbuuru náà dínkù. Ọ̀gá Omi ní, "Ṣé ẹ rí i? Kò jò mọ́." Ẹnu ẹ̀ ti gbẹ, ojú ẹ̀ ti jìn wọnú, kò sì tíì tọ̀ látàárọ̀. Ó ní òun ti borí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó lọ síbi iṣẹ́. Kò ju àtẹ̀gùn kẹrin lọ tí ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí yí i lójú. Ó ṣubú lulẹ̀ lójú onílé. Ojú tì í gan-an. Wọ́n gbé e padà sílé, onílé sì ní, "Ọ̀gá, ẹ lọ tọ́jú ara yín. Mo máa pe ẹlòmíì."

Ìyàwó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá náà gbọ́ ọ̀rọ̀ páìpù tán, ó mi orí.

"Àbúrò mi, tí táǹkì bá gbẹ, tí pọ́ǹpù ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ló máa ń ṣe pọ́ǹpù?"

Ọ̀gá Omi ò ronú rárá. "Á jóná ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé e láyà, níbi tí ọkàn ti ń lù. "Èyí ńkọ́?"

 Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà wàyí. "Ẹ gbé omi wá," ó ní.

Wọ́n wọn omi líta kan tí wọ́n ti sè tó sì ti tutù, ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré yẹn. "Ẹ rẹ́ orí ṣíbí náà pẹrẹsẹ," ni ẹ̀gbọ́n ń wí. "A ò kó òkìtì." Ọ̀gá Omi fẹ́ dà á gbé mì, ẹ̀gbọ́n gba ife lọ́wọ́ ẹ̀. "Ṣíbí kan, ṣíbí kan. Tó o bá bì í, a ó sinmi díẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá sì di ọ̀sán tó ò tọ̀, ilé ìwòsàn yá."

Kó tó di ọ̀sán, ó tọ̀. Ìyàwó ẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó kí i kú oríire. Mi ò tíì rí ìtọ̀ tí wọ́n yọ̀ fún tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì ó jẹ ìrẹsì rírọ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, lọ́jọ́ kẹrin ó ti tún ń fi àwọn èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́.

Àmọ́ ilé alájà mẹ́ta yẹn, páìpù ẹlòmíì ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tó fi ọdún mẹ́fà wá, ọjọ́ kan tó fi kọ omi ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé, "Mo mọ omi ilé gbogbo èèyàn, mi ò mọ tèmi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ máa fi ọṣẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe yín, ẹ má ṣe ti omi pa: ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí èébì ò jẹ́ kí omi dúró, tàbí tó jẹ́ ọmọdé tí ojú ẹ̀ ti jìn wọnú, ẹ má dúró gbọ́ àlàyé ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ wá fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ń mọ̀ ju nọ́ọ̀sì lọ nínú ilé yín.