Òwú Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Ọmọ Ológbò

Àlọ́ mi rèé. Kò rìn jìnnà, ẹ̀yìn àká àgbàdo ló sọ̀ sí, lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà Ológbò tí eyín ti ká lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ti sú u. Obìnrin náà gba òwú tí ọmọ rẹ̀ kékeré ń lé kiri, ó ní eré kì í sọni di ọdẹ, ó wá ń fi orin kọ́ ọ:

Báwo la ṣe ń mú eku?
*Ká ba, ká fò, ká gbá a mú.*

"Dá òwú ọmọ padà," ni Ìyá Àgbà wí. "Òwú ni ìwọ náà lé tó o fi mọ eku í mú."

"Màmá, ayé ti yí."

"Eku ńkọ́, ó ti yí?"

Onílé sì ti kìlọ̀ pé bí Eku bá tún kan irúgbìn òun, gbogbo wọn á kó jáde.

Lọ́jọ́ tí Eku dé, ìyá ọmọ ti ọmọ rẹ̀ síwájú pé kó wá ṣe é. Ọmọ jókòó jẹ́ẹ́, ó dá orin náà láìtàsé. Eku ń gbè é, àgbàdo kún ẹnu rẹ̀. Kí ìyá ọmọ tó pàtẹ́wọ́ tán, Eku ti yó, ó ti wọ ihò.

Onílé lé wọn. Lójú ọ̀nà, ọmọ rí ewé gbígbẹ tí atẹ́gùn ń gbé lọ, ó fò mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ lanu láti bá a wí.

"Wí nǹkan kan báyìí," ni Ìyá Àgbà sọ, "kí n fọ́ ọ létí."

Ibi tí mo bá wọn rìn dé nìyẹn.